Ilẹ̀kùn Búlúù Méjì

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá Loveday Trembath lẹ́bi, kó kọ́kọ́ gbọ́ pé ọ̀dà ló fa gbogbo ẹ̀. Ọ̀dà búlúù ìdajì agolo tó ṣẹ́ kù, tí obìnrin náà ò fẹ́ kó ṣòfò.

Ilé méjì ló wà lórí òkè etíkun Porthgolva. Wọ́n jọra débi pé ajá àwọn ará ibẹ̀ gan-an máa ń ṣìnà, torí pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ló kọ́ wọn láyé àtijọ́, tí ọ̀kan ò gbà kí ilé èkejì fi bíńtín ju tòun lọ. Loveday ló ń gbé ilé òkè. Ilé ìsàlẹ̀ jẹ́ ti obìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ló ń fi í háyà fún àwọn tó bá wá sinmi létíkun: Sátidé sí Sátidé, àlejò á máa dáná fúnra rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó. Ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ du ilé náà ni géètì kékeré tó wà nínú ọgbà rẹ̀. Ẹ bá ṣí i, àtẹ̀gùn òkúta mọ́kànléláàádọ́ta á gbé yín lọ sí etíkun kékeré kan tí ẹlòmíràn ò lè dé. Pátákó kan wà lára géètì náà pé àlejò ilé yìí nìkan ló gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀. Loveday ló ń nu pátákó náà. Ọdún méjìlélógún ló ti ń tọ́jú ilé yẹn, kò sì sọ̀ kalẹ̀ lójú àtẹ̀gùn ọ̀hún rí, nítorí pé òun kì í ṣe àlejò. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ẹ̀tọ́ ẹni tó bá ń tọ́jú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ohun tí àlejò bá fi sílẹ̀. Wọ́n á ra ìgò òróró, wọ́n á fi dín ẹyin mẹ́ta, wọ́n á lọ. Ìdí nìyẹn tí ìgò òróró mẹ́fà fi wà nílé Loveday, gbogbo wọn ló dé ìdajì, àti ìgò tòmátò lílọ̀ mẹ́jọ. Kò ra iyọ̀ láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti gbéyàwó. Nítorí náà, nígbà tí onílé ní kí wọ́n kun ilẹ̀kùn ilé ìsàlẹ̀ ní búlúù, tí ọ̀dà sì ṣẹ́ kù, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó kun tiẹ̀ náà. Kò rántí pé nínú lẹ́tà tí onílé máa ń fi ránṣẹ́ sí àlejò, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n wo ilé funfun tó ní ilẹ̀kùn búlúù, kí wọ́n sì wo abẹ́ ìkòkò òdòdó. Ìkòkò òdòdó! Ta ni kò ní in? Gbogbo Porthgolva ló ń fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ síbẹ̀, tá a tún máa ń sọ fúnra wa pé olè ò lè mọ̀.

Ọ̀rọ̀ míì wà ńlẹ̀ lọ́sẹ̀ náà tó ń jẹ Loveday lọ́kàn ju ọ̀dà lọ. Jory, ọkọ rẹ̀, ti kú láti ọdún mẹ́rin. Ẹja ló ń pa nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀dì ló kú sí, bí akọ̀wé. Láti ọjọ́ náà, bàtà òjò rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, awò ojú rẹ̀ wà lójú fèrèsé, àga ìrọ̀gbọ̀kú rẹ̀ sì wà níbi tó wà, tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé e. Denzil, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó bá ti Plymouth wá, orí àpótí ló ń jókòó sí. Denzil yìí ló gbé fọ́ọ̀mù kan wá ní Sọ́ńdè. Ó ti rí yàrá kan fún ìyá rẹ̀ nínú ilé àwọn àgbà ní Plymouth, àjà kẹrin, tòun ti ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè.

"Màmá, ẹ ò lè máa bá bàtà gbélé."

"Ta ló sọ pé bàtà ni mò ń bá gbé?"

"Ta ló tún wà níbí?"

Denzil ní òun máa padà wá gba fọ́ọ̀mù náà ní Sátidé kejì, kí ìyá òun ti fọwọ́ sí i, torí àwọn èèyàn míì ń dúró de yàrá náà. Ìyá rẹ̀ fi fọ́ọ̀mù sẹ́yìn aago yàrá ìdáná, kò sì sùn dáadáa mọ́. Tóun bá lọ, àga Jory ńkọ́? Tóun ò bá lọ, òun àti ta ni? Ohun tó ń dà á láàmú nìyẹn, òun náà ló sì ń rò lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nígbà tó ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì nílé ìsàlẹ̀.

Àlejò tó ń lọ gbọ́dọ̀ jáde láago mẹ́wàá, èyí tó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ wọlé títí di mẹ́rin. Láàárín méjèèjì, Loveday á fọ balùwẹ̀, á gbá iyanrìn, á ka ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé àlejò. Gbogbo wọn ló máa ń kọ pé ilé dùn. Ẹni tí bẹ́ẹ̀dì le mọ́ lẹ́yìn, òun náà á kọ pé ilé dùn, á wá fi kún un pé bẹ́ẹ̀dì "dúró ṣinṣin". Bí àwọn èèyàn yìí ṣe ń bínú nìyẹn, ẹ má retí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó ṣe tán, ohun kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn tíréè ìkíni káàbọ̀: àkàrà òyìnbó kéékèèké mẹ́jọ tó yan láàárọ̀, jáàmù, àti abọ́ ọ̀rá wàrà. Wọ́n wà lórí tábìlì ìdáná rẹ̀ lókè, ó fi aṣọ bò wọ́n. Ní aago kan kọjá díẹ̀, ó gòkè lọ gbé e.

Ó bá èèyàn mẹ́ta nínú ilé rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ẹ́.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, orí rẹ̀ pá, ó ti bọ́ bàtà, ìbọ̀sẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ojú rẹ̀ pọ́n fún ẹkún. Ọkùnrin náà ti kọ́kọ́ fi ọ̀rá wàrà kun àkàrà, ó wá ń da jáàmù lé e lórí. Ní Porthgolva, jáàmù ló ń kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá ṣe é sódì, a kì í bá a jà, ṣùgbọ́n a kì í gbàgbé.

"Háà, ẹ̀yin ni, mà!" Ọkùnrin náà dìde gìrì. "Ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú ilé yìí, àbí? Clive Entwistle lorúkọ mi. Hilary, ìyàwó mi, nìyí. Ẹ má bínú, mà, a tètè dé jù. Láti Bolton la ti wakọ̀ wá, àárọ̀ kùtù la gbéra. Hilary ń sunkún láti Bristol."

"Láti Exeter ni," ni Hilary wí.

"Láti Exeter. Ọdún burúkú la ṣe, mà, mi ò ní fi ìyẹn dí yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bá a ṣe ṣílẹ̀kùn, tá a rí oúnjẹ lórí tábìlì tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹkún tán lójú ẹ̀ wìì. Kò sí ilé tó gbà wá báyìí rí."

Loveday la ẹnu láti sọ pé ilé òun nìyí. Ìgbà yẹn ló rí ẹnì kẹta. Ìyá àgbà kan ni, ìyá tó bí Hilary, Enid lorúkọ rẹ̀. Inú àga Jory ló jókòó sí, ó gbé báàgì lé orúnkún, ó ń jẹ àkàrà. Loveday dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀, kí òrùlé ya, kí aago dúró. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ìyá àgbà na ọwọ́ mú àkàrà míì.

"Ẹ má kún kẹ́tù yẹn ju ìdajì lọ," ni ohun tó jáde lẹ́nu Loveday. "Ó máa ń jò."

"Ẹ ṣeun gan-an, mà," ni wọ́n wí.

Loveday yí padà, ó jáde, ó rọra pa ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mí kanlẹ̀ yẹn, ẹ ò tíì gbé àárín wa ni. Níbí, tí ẹnì kan bá tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ìwọ lo máa kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Kéèyàn dójú ti àlejò tó ti bọ́ bàtà, tó ti jẹun, tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ nu omijé kúrò lójú, Loveday ò ní agbára irú ẹ̀. Ó ní òun máa sọ fún wọn tó bá di aago mẹ́rin. Aago mẹ́rin lù, ó rí aṣọ wọn tí wọ́n ti sá sí ọgbà. Ó ní ó di ọ̀la.

Báyìí ni Loveday Trembath ṣe di àlejò nílé ìsàlẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló fi gbálẹ̀ ibẹ̀, kò jókòó níbẹ̀ rí. Ó ka pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé kí àlejò jọ̀wọ́ bọ́ bàtà, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ó sì bọ́ bàtà. Nítorí pé ilé ìdáná-fúnra-ẹni ni, kò sí nǹkan kan ńbẹ̀ láti jẹ. Gbogbo oúnjẹ rẹ̀ wà lókè lọ́dọ̀ àwọn ará Bolton. Búrẹ́dì mẹ́rin tí àwọn tó lọ fi sílẹ̀ ló jẹ, pẹ̀lú tòmátò lílọ̀ inú ìgò tó dé ìdajì. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ó wá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn àlejò ò parọ́, bẹ́ẹ̀dì náà le.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó kó aṣọ ìnura dání, ó gòkè lọ bíi pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó ti pinnu pé òun máa sọ ọ́. Hilary ló ṣílẹ̀kùn.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ ìyá arúgbó kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá. A ò fọwọ́ kàn án o."

"Ó ṣeun," ni Loveday wí. "Ma kó díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ fọ̀."

Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì kan, síkẹ́ẹ̀tì kan, àti búrọ́ọ̀ṣì eyín rẹ̀. Nígbà tó ń kọjá ní pálọ̀, Clive wà níwájú fọ́tò ìgbéyàwó tó wà lára ògiri, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Wọ́n mà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ o," ló wí. "Ẹ wo bàtà òjò yẹn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wo awò ojú lójú fèrèsé. Àti fọ́tò yìí! Inú ọjà ni wọ́n ti ń ra irú ẹ̀, àwọn èèyàn àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí."

Loveday wo ara rẹ̀ nínú fọ́tò, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, tó di apá Jory mú. "Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. Nínú àga, Enid wo fọ́tò, ó wo Loveday, ó mu tíì rẹ̀.

"Ohun kan ṣoṣo ló kù, mà," ni Clive wí, ojú ń tì í láti béèrè. "Etíkun. Wọ́n ní ilé yìí ní ọ̀nà tiẹ̀ lọ sétíkun. A ti wá a lẹ́yìn ilé, odi la rí. A tiẹ̀ gun odi náà."

"Inú ọgbà ilé ìsàlẹ̀ lẹ máa gbà. Géètì kékeré kan wà níbẹ̀."

"Ẹni tó wà níbẹ̀ ò ní bínú?"

"Kò ní bínú. Ìyá arúgbó kan ni, òun nìkan ló dá wà. Kì í dá sí nǹkan."

"Ó mà ṣe o," ni Hilary wí. "Ẹ bá wa kí i."

Loveday ní òun máa kí i.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Thirza lọ ra ẹyin àti mítípáì. Thirza ọ̀hún àti Loveday jọ lọ iléèwé ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí Thirza lè gbé mì. Loveday rò fún un, Thirza gbé àpò ọ̀dùnkún tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀ gbì.

"Ìwọ Loveday yìí, ṣé nǹkan ń ṣe ọ́ ni? Àlejò wọlé ẹ, ìwọ wá kó jáde fún wọn?"

"Mi ò kó jáde. Mo kàn ń sùn níbòmíràn."

"Lọ sọ fún wọn lónìí."

"Ó ti bọ́. Wọ́n ti jẹ oúnjẹ mi tán. Tí mo bá sọ ọ́ báyìí, ojú á gba ọkùnrin yẹn tì débi pé á wakọ̀ padà sí Bolton láìwọ bàtà."

"Ní Sátidé ńkọ́? Kí ló dé tó ò sọ ọ́ ní Sátidé?"

"Ó ti bọ́ bàtà nígbà yẹn."

Thirza ronú sí i. Ọmọ Porthgolva lòun náà. "Ó bọ́ méjèèjì?"

"Méjèèjì."

"Ẹn-ẹn, ó ti bọ́ lóòótọ́," ni Thirza wí, ó gbé ẹyin fún un. "Fọ́ọ̀mù Denzil ńkọ́? O ti fọwọ́ sí i?"

"Ẹ̀yìn aago ló wà. Inú ilé mi ni."

"Ìyẹn ilé tó ò fẹ́ kúrò ńbẹ̀, tí ìwọ náà ti wá kúrò ńbẹ̀ báyìí. Máa lọ o, àlejò. Kí etíkun dùn."

Loveday bínú gidi. Bó ṣe ń bínú náà ló gba inú ọgbà kọjá, ó dé géètì, ó ka pátákó. Àlejò ilé yìí nìkan. Ó rò ó síwá-sẹ́yìn, kò sì rí ibi tóun ti rú òfin. Ó ṣí géètì náà, ó ka àtẹ̀gùn mọ́kànléláàádọ́ta, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi. Omi náà tutù tó fi pariwo. Ó tún ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó dùn mọ́ ọn, kí n má parọ́. Láti ìsàlẹ̀ níbẹ̀, tó gbé ojú sókè, ilé òun fúnra rẹ̀ ló ń wò lórí òkè, tí èéfín ń jáde lórí rẹ̀, tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín gan-an nínú rẹ̀. Kò mọ̀ pé bó ṣe rí látìta nìyẹn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rántí pé kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú ilé náà láti ọdún mẹ́rin, títí kan òun fúnra rẹ̀.

Òjò rọ̀ ní Wẹ́sìdeè. Loveday dúró lójú fèrèsé ilé ìsàlẹ̀, ó mú ife tíì dání, ó ń wo òjò. Ó rí bàtà òjò Jory tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ nínú ọgbà, bàtà dúdú tó ní àbùlẹ̀ pupa lẹ́sẹ̀ òsì, tó ń tẹ koríko mọ́lẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Fèrèsé náà kéré, ẹsẹ̀ nìkan ló rí. Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ti ṣí i, ó ti pe "Jory!" síta kí ó tó rí orí Clive tó pá lábẹ́ òjò.

"Kò burú, mà?" ni Clive wí. "Mo yá bàtà yìí wọ̀, mo lérò pé kò sí wàhálà. Ó bá mi lẹ́sẹ̀ mu gẹ́ẹ́."

"Kò sí wàhálà," ni Loveday wí. Ó padà wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó le, ó sunkún títí aṣọ ìnura àlejò fi rẹ. Ẹkún ọdún mẹ́rin ni, kò sì rí i sun nílé tiẹ̀, torí pé níbẹ̀, ńṣe ló máa ń ṣe bíi pé àga ń wò ó.

Nígbà tó gòkè lọ lọ́jọ́ kejì, ó bá bàtà náà lẹ́nu ọ̀nà. Clive ti fọ̀ ọ́ mọ́, ó ti ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀ kó lè gbẹ. Jory ò fọ̀ ọ́ rí lọ́jọ́ ayé rẹ̀.

Ọ̀sán Fúráìdeè ni Enid wá kan ilẹ̀kùn ilé ìsàlẹ̀. Òun nìkan ló wá. Ó wo Loveday láti òkè délẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni ìyá arúgbó tí kì í dá sí nǹkan?"

Loveday fẹ́ sọ pé ìyẹn jáde lọ. "Èmi ni," ló wí.

"Ẹ wá mú mi sọ̀ kalẹ̀. Clive àti Hilary ń sáré níwájú bí ọmọdé, orúnkún mi ò gbà á."

Wọ́n fọwọ́ kọ́wọ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń dúró sinmi ní àtẹ̀gùn kẹwàá-kẹwàá. Wọ́n jókòó sórí àpáta kan nísàlẹ̀. Òkun ti fà, etíkun gbòòrò, Clive àti Hilary wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń ṣa ìkarahun.

"Àga yẹn," ni Enid wí. "Wáyà kan wà nínú ẹ̀ tó ń gún èèyàn lẹ́yìn, lápá òsì. Báwo ni ọkọ yín ṣe ń fara dà á?"

Loveday gbọn iyanrìn kúrò lára síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ogún ọdún ló fi ń ráhùn ẹ̀," ló wá wí. "Ó ní òun máa tún un ṣe. Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Àtọjọ́ Sọ́ńdè. Imú yín ni imú inú fọ́tò. Ta ló sì máa ń ra ìgò tòmátò mẹ́jọ fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wọn?"

"Ẹ̀yin náà ò ṣáà sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni oyún bà jẹ́ lára ọmọ mi lọ́dún yìí, mà. Kò rẹ́rìn-ín láti oṣù kejì. Nínú ilé yín ló ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lálẹ́ Sátidé, nígbà tí kẹ́tù jò sí Clive lára." Enid nu imú. "Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé ẹ dìde níbẹ̀, ẹ̀ ń jẹ oúnjẹ olóńjẹ? Mi ò lè sọ ọ́."

Loveday di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n wo àwọn méjèèjì lọ́hùn-ún tí wọ́n ń du ìkarahun kan.

"Mo rí fọ́ọ̀mù ẹ̀yìn aago," ni Enid wí. "Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mò ń gbé, ó di ọdún mẹ́fà. Àjà kẹta."

"Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa. Ẹ̀rọ agbéni-ròkè ń ṣiṣẹ́. Ó gbóná dáadáa, wọ́n ń gbálẹ̀ fún wa." Enid fa kádígàn rẹ̀ mọ́ra. "Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, kò sẹ́ni tó lè ṣèèṣì wọlé mi."

Òkun ti ń kún padà nígbà tí wọ́n gòkè.

Àárọ̀ Sátidé, ní aago mẹ́wàá géérégé, mọ́tò àwọn ará Bolton lọ. Clive bọ Loveday lọ́wọ́ títí apá fi fẹ́ẹ̀ yọ. Hilary dì mọ́ ọn. Enid gba ojú fèrèsé mọ́tò juwọ́ sí i, kò sọ nǹkan kan. Loveday wọ ilé rẹ̀. Wọ́n ti fọ abọ́, wọ́n ti ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì ti fi ìgò òróró kan tó dé ìdajì sílẹ̀ fún ẹni tó ń tọ́jú ilé. Ìkeje rẹ̀ nìyẹn.

Fọ́ọ̀mù Denzil ò sí lẹ́yìn aago. Orí tábìlì ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí káàdì. Wọ́n ti fi máàkì káàdì tí wọ́n ta lọ́sẹ̀ náà kún ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n tún ti gba iwájú bọ̀, wọ́n fi bíírò kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba, Clive mẹ́rin, Hilary mọ́kànlá, Màmá ogún, títí dórí ìlà tó yẹ kí Loveday fọwọ́ sí gan-an. Nísàlẹ̀ pátápátá, ọwọ́ àgbà kan tó ń gbọ̀n kọ ọ́ pé: *Ẹ forí jì mí. Mi ò rí ìwé míì nílé.* Loveday ṣí dúrọ́ọ̀ tó wà lábẹ́ tábìlì náà gan-an. Ìwé ló kún inú rẹ̀, gbogbo ìwé tí àlejò ọdún méjìlélógún fi sílẹ̀.

Ó lọ jókòó sínú àga Jory. Wáyà gún un lẹ́yìn lápá òsì. "Ọlọ́run mi o," ló wí, "ìwọ ọkùnrin yìí, o ò wá tún un ṣe." Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́ kó tó lọ fọ balùwẹ̀ ilé ìsàlẹ̀.

Denzil dé ní aago méjì. Ó bá ìyá rẹ̀ nínú àga ọ̀hún, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ na fọ́ọ̀mù sí i. Ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn.

"Màmá, kí nìyí?"

"Máàkì ni. Enid ló borí."

"Ta ni Enid?"

Ìyá rẹ̀ rò gbogbo ẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Denzil gbá orí mú. Ó jókòó sórí àpótí. Ó ní ṣé ìyá òun mọ̀ pé olè lè wọlé bẹ́ẹ̀, pé apànìyàn lè wọlé bẹ́ẹ̀.

"Àwọn yẹn ò ní mú ọ̀rá wàrà ṣíwájú jáàmù," ni ìyá rẹ̀ wí. "Fọ́ọ̀mù yẹn, bá mi dá a padà fún wọn. Sọ pé mo ṣeun. Mi ò lọ."

Denzil ká fọ́ọ̀mù náà mẹ́rin, ó fi sápò.

"Ó dáa," ló wí. "Ó dáa, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tiẹ̀ tún ilẹ̀kùn kùn kí n tó lọ. Ọ̀dà pupa kan wà nínú mọ́tò mi. Kí àwọn kan má tún ṣìnà wọlé yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Fi sílẹ̀," ni Loveday wí. "Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà."

Ó dìde lọ wo àkàrà nínú ààrò. Mẹ́rìndínlógún ló yan lọ́jọ́ náà, dípò mẹ́jọ.